Ẹ Ṣọ́ra Kí Ẹ Tó Tú Volkswagen Ìjàpá Lẹ́yìnkùlé

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹni tó ra Volkswagen Ìjàpá àtijọ́, tàbí tó jogún rẹ̀, tó sì fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nílé. Iṣẹ́ náà dùn, kò sì ṣòro kọ́. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò wúwo, ojú mẹ́rin péré ni wọ́n ti fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ gíá. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan èèyàn. Mẹkáníìkì tó mọ Toyota bí ẹní mowó lè má mọ ohun kan nípa ọkọ̀ yìí: kò ní radiétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì lára, ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn, táǹkì epo wà níwájú, bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn.

Bátìrì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò, lápá ọ̀tún. Sípíríǹgì irin ló wà nínú àga tó bò ó, ohun gbígbẹ tó ń tètè gbaná ni wọ́n sì fi kún un. Bí àwọn tó sanra bá jókòó sẹ́yìn, irin á wálẹ̀, á kan orí bátìrì, iná á ta, àga á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lábẹ́ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Nítorí èyí ni ọkọ̀ náà fi ní ìbòrí bátìrì nígbà tó jáde. Nínú ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó kù lónìí, ìbòrí náà ti sọnù, rẹwáyà sì ti wá ti bátìrì gíga tó bá rí lọ́jà sábẹ́ àga. Ẹ wá bátìrì tí gíga rẹ̀ bá ibẹ̀ mu, kí ẹ sì fi rọ́bà tó nípọn bo orí rẹ̀.

Họ́ọ̀sì epo ló tẹ̀ lé e. Láti táǹkì iwájú, páìpù irin gba àárín ọkọ̀ kọjá dé ẹ̀yìn, họ́ọ̀sì rọ́bà ló sì gbà á níbẹ̀ lọ sí pọ́ọ̀ǹpù àti káábúrétọ̀. Rọ́bà máa ń gbó. Èyí tí wọ́n hun òwú sí lára lè ti sán nínú kí ojú tó rí i. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ lo èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, kí ẹ sì fi kílíìpù dè é lójú kọ̀ọ̀kan. Níbi tí páìpù ti gba ara páànù wọlé sí ẹ́ńjìnì, rọ́bà kékeré kan yẹ kó wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, etí páànù á máa gé páìpù díẹ̀díẹ̀. Fíltà pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so rọ̀ sókè ẹ́ńjìnì, ẹ yọ ọ́. Ó ń wúwo fún họ́ọ̀sì, ó sì sún mọ́ ibi tí iná plọ́ọ̀gì ti ń pín. Abẹ́ ọkọ̀ nítòsí gíá ni àyè rẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé ara ẹ́ńjìnì Ìjàpá fúnra rẹ̀, mágnísíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi ṣe é. Bí irin yìí bá gbaná, omi kì í pa á. Ṣe ni omi á mú kó bú sókè, kó sì jó kíkankíkan sí i. Àgbá ìpaná oníyẹ̀fun lè pa iná bẹntiróòlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ ní ọ̀kan lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i tí iná ti di funfun tó ń gún ojú, ẹ sá kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe 112. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn: ẹni tó bá gbóòórùn bẹntiróòlù nínú ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣíná sí i títí yóò fi rí ibi tó ti ń jò.

Ẹ má fi ẹnu fa epo látinú táǹkì. Mo mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó fi ìka wá èébì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ti jáákì kò gùn. Ibi tí wọ́n ti ń ki jáákì Ìjàpá bọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ máa ń dípẹtà láti inú wá, ọkọ̀ á sì jábọ́ lójijì. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn á fọ́ sábẹ́ ẹrù. Ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ni kí ẹ fi gbé e dúró, lórí ilẹ̀ tó le. Tí ẹ bá tú bírékì, ẹ má fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, torí ìbòrí bírékì àtijọ́ lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Omi ni kí ẹ fi rin ín kí ẹ tó nù ún. Epo ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ wọ inú bírékì rárá. Yóò mú kí àwọn rọ́bà inú rẹ̀ wú, bírékì á sì kú.

Ibi tí mo ti máa ń bínú ni ọ̀rọ̀ àwọn páànù tó yí ẹ́ńjìnì ká. Mẹkáníìkì á yọ wọ́n, á ní wọ́n ń dí òun lọ́wọ́, kò sì ní dá wọn padà. Páànù wọ̀nyẹn, pẹ̀lú rọ́bà tó yí etí wọn ká, ló ń darí afẹ́fẹ́ tútù síbi tó yẹ, tí kò sì jẹ́ kí ooru abẹ́ ọkọ̀ tún gòkè wá. Láìsí wọn, ẹ́ńjìnì á máa mí ooru ara rẹ̀ nínú gòsíló Èkó, yóò sì nọ́ọ̀kì, wọ́n á wá ní ọkọ̀ àtijọ́ kò dára. Irọ́ ni. Bákan náà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù pọ̀. Bí iná pupa inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì.

Ọjà páàtì ńkọ́? “Ẹ fún mi ní ti Ìjàpá” kò tó, yálà ní Ládípọ̀ tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń lo iná fólítì 6, àwọn mìíràn 12. Wíìlì àwọn kan ní bóòtù márùn-ún, ti àwọn mìíràn mẹ́rin. Ẹsẹ̀ iwájú 1302 àti 1303 yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn yòókù. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọjọ́, lọ́nà Àgbádárìgì, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lọ́dún 1975, tòkunbọ̀ sì wọlé láti ibòmíràn. Méjì tó jọra lójú títì lè má jọra nínú. Ẹ mú páàtì àtijọ́ náà dání, kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ti Ìjàpá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 111 tàbí 113.

Òǹtajà kan lè sọ pé òun ní ojúlówó tí kò tíì kúrò nínú páálí láti ọdún 1980. Tó bá jẹ́ irin ni, ẹ rà á. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì bírékì tàbí ohun yòówù tó ní rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀ fún un, torí inú páálí náà ni rọ́bà ti ń gbó. Tòkunbọ̀ bírékì àti tòkunbọ̀ họ́ọ̀sì epo kò bójú mu rárá. Ẹ má sì bẹ ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti London pé kó di káábúrétọ̀ àlòkù sínú àpótí: páàtì tó bá ṣì ní epo nínú jẹ́ ẹrù eléwu nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀.

Ẹ̀yin tí Ìjàpá yín ti kú sẹ́yìn ilé, tí ẹ fẹ́ pe oníṣẹ́ àlòkù irin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tú páànù ẹ́ńjìnì rẹ̀ pa mọ́. Ẹnìkan ń wá a kiri báyìí.