Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀gbọ́n mi onídòdò n'Ìkirè,

Mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti ní ìwé tí dókítà fi ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹ kókó ọmú yín wò "ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún". Ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Ṣé ẹyin ni, tí ẹ fi ń sàba lé e?

Ẹ ní àbúrò ọkọ yín sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá kan kókó, jẹjẹrẹ á jí. Ẹ bá mi bi í, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ dókítà? Abẹ́rẹ́ kì í jí jẹjẹrẹ. Ìjáfara ló ń bọ́ ọ. Mo mọ obìnrin kan l'Àpòmù tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ yìí dá dúró. Kókó tí kò ju ẹ̀pà lọ ti tó àgbálùmọ̀ kó tó dé ọsibítù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín dòdò mọ̀ pé ojú kì í mọ iyọ̀; bíńtín lèèyàn ń bù tọ́ wò. Bíńtín náà ni àwọn dókítà fẹ́ bù lára kókó náà. Ẹ ó dùbúlẹ̀, wọn á fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa ọmú, wọn á máa fi ẹ̀rọ àwòrán rìn lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú á ta yín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á ti abẹ́rẹ́ mìíràn wọlé, ojú wọn á wà lára àwòrán kó má bàa tàsé. Ẹ ó gbọ́ "tá!" bí ìgbà tí wọ́n fi stapler de ìwé, ẹ má ta gìrì. Wọ́n lè tún un ṣe nígbà mélòó kan, ẹran tó rí bí òwú ni wọ́n ń mú. Wọn á lẹ̀ ẹ́ ní plaster, ẹ ó sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ojú ibẹ̀ lè dúdú, ó lè máa ro yín. Ẹ má gbé agbada lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ tètè sọ fún wọn. Èsì kì í jáde lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá ń ronú ibi tí ẹ ti máa ṣe é, Ifẹ̀ kò jìnnà. Láti 2013 ni àwọn dókítà OAUTHC, ọsibítù Yunifásítì tó wà níbẹ̀, ti ń bá ọsibítù Memorial Sloan Kettering ti New York ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí jẹjẹrẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Púpọ̀ nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, àmọ́ ìrọ̀rí ò lè sọ èyí tó jẹ́ tiyín. Ẹ yọ ìwé náà lálẹ́ òní, ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ kó nà, ẹ fi sínú báàgì. Bí ẹ kò bá rẹ́ni bá yín lọ, ẹ kọ̀wé sí mi. Màá dúró dè yín ní gáréèjì.