Ẹ Má Da Omi Ìkẹyìn Nù: Bí A Ṣe Ń Gba Bórọ̀nù Padà

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, wọ́n ní kí n wá iye ásíìdì bọ́ríìkì tó wà nínú omi kan. Mo ń kán NaOH sí i, àwọ̀ pinki ń yọ díẹ̀díẹ̀, kò ní ibi pàtó tó dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí. Mo ti fo mannitol tó wà nínú ìlànà iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àṣìṣe yẹn ló jẹ́ kí ẹ̀kọ́ òní yé mi.

Ní Emet, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, wọ́n ń wa òkúta colemanite. Tí a bá lọ òkúta yìí kúnná, tí a dà á sínú omi gbígbóná tó ní ásíìdì sọ́fúríìkì:

Ca₂B₆O₁₁·5H₂O + 2H₂SO₄ + 6H₂O → 6H₃BO₃ + 2(CaSO₄·2H₂O)

Jípísọ́ọ̀mù (CaSO₄·2H₂O) kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò, nítorí náà a ó sẹ́ ẹ kúrò nígbà tí omi ṣì gbóná. Tí omi bá wá tutù, ásíìdì bọ́ríìkì á di hóró funfun. Lórí ìwé, 411 g colemanite á fún wa ní 371 g.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí: 100 g omi lè gba bíi 23 g ásíìdì bọ́ríìkì ní 80 °C, àmọ́ bíi 5 g péré ní 20 °C. Bíi 18 g á di hóró, 5 g á ṣẹ́kù sínú omi. Ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún! Tí a bá dà á nù, owó ló dànù. Tó bá ṣàn wọ odò tí àgbẹ̀ fi ń bomi rin oko, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Igi ọsàn wà lára àwọn tí kì í lè fara dà á.

A lè fi omi náà po òkúta tuntun. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: magnésíọ́ọ̀mù tó bá òkúta wá á máa pọ̀ sí i, títí yóò fi kó ìdọ̀tí bá hóró wa. Ó di dandan ká máa tú díẹ̀ jáde.

Omi tí a tú jáde yìí la ó gba inú resin N-methylglucamine kọjá, lẹ́yìn tí a bá ti dín ásíìdì inú rẹ̀ kù. Resin yìí ní àwọn OH tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti mannitol. OH méjì á gbá bórọ̀nù mú. Magnésíọ́ọ̀mù á kọjá lọ. Tí a bá fi ásíìdì fọ resin náà, bórọ̀nù á jáde.

Ohun tí mo fò ní láábù nìyẹn! Ásíìdì bọ́ríìkì kò lágbára (pKa 9.24). Ìgbà tí mannitol bá gbá a mú ló tó lágbára débi tí NaOH fi lè wọ̀n ọ́n dáadáa.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: tí omi yín bá jẹ́ 2 kg, tí ó sì tutù dé 20 °C, gíráàmù mélòó ni ẹ fẹ́ dà nù? Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbé bíkà lọ sídìí síńkì.