Fífẹ́ràn Géèmù Yàtọ̀ sí Ṣíṣe Ìròyìn Rẹ̀

Yorùbá ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù ní Accra lónìí kò jẹ̀bi bó bá ń rò ó pé kí òun kúkú fi ohun tó wu òun yìí ṣiṣẹ́ jẹun. Ó ń rí àwọn ará òkè òkun lórí YouTube tí géèmù tuntun ń tẹ̀ lọ́wọ́ kó tó dé ọjà, tí wọ́n ń gbá a, tí wọ́n ń sọ bó ṣe rí lára wọn, tí owó sì ń wọlé. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí èmi náà ò lè di akọ̀ròyìn géèmù? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí àgbà dá a lóhùn láìfi ṣe ẹ̀sín. Ìdáhùn tèmi ni pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìfẹ́ géèmù nìkan kò lè gbé e débẹ̀. Nígbà mìíràn, ìfẹ́ náà gan-an ni kì í jẹ́ kéèyàn rí irú iṣẹ́ tó fẹ́ wọ̀.

Wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà ní àdúgbò Nima tàbí Madina ní Accra. Bẹ́ǹṣì onípákó, tẹlifíṣọ̀n méjì, pádì tí wọ́n ti fi téèpù wé lọ́rùn, àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró kó kàn wọ́n. Owó ní láti kan ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù kí pádì tó kan ọwọ́ rẹ. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ẹni tó ń jìyà bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá góòlù kan padà, ni iná bá lọ. Dumsor, bí wọ́n ṣe ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Gánà, ti dé. Ariwo sọ. Ẹni tó fẹ́ràn géèmù yóò máa ké nítorí góòlù rẹ̀ tó ṣòfò. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, tó ń fetí sí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀: ta ni yóò san owó eré tó já sáàárín yìí, oníṣọ́ọ̀bù ni àbí àwọn ọmọ? Eélòó ni oníṣọ́ọ̀bù ń ná sórí epo jẹnẹrétọ̀ lọ́sẹ̀? Ṣé èrè kankan tiẹ̀ ṣẹ́ kù fún un? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìròyìn ń wá, kódà bó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń nà jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n máa sanwó fúnni láti gbá géèmù. Apá kan nínú iṣẹ́ náà ni àgbéyẹ̀wò géèmù jẹ́, apá náà kò sì dẹrùn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù lè fi ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn ṣáájú kó tó dé ọjà, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun kó tó pé. Géèmù tó gba wákàtí 60 kéèyàn tó parí rẹ̀ lè dé nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́rin. Wàá máa gbá a, wàá máa kọ ohun tó ò ń rí sílẹ̀, oorun á dín kù, ó sì lè jẹ́ irú géèmù tí o kò ní fọwọ́ kàn ká ní ìwọ lo fẹ́ fowó rà á. Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù orí PlayStation lo fi ń tura lẹ́yìn iṣẹ́, mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ìtura yẹn bá di iṣẹ́, o ní láti wá ìtura mìíràn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Mo ti rí àwọn tó wọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìfẹ́, tí ìfẹ́ náà kú, tí wọn ò sì ní ìdí mìíràn tí wọ́n fi lè máa bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí o ti fara balẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ilé-iṣẹ́ géèmù ló ń fúnni ní géèmù, òun ló ń pe akọ̀ròyìn síbi àpèjẹ, òun kan náà ló tún ń polówó ọjà sínú ìwé tí akọ̀ròyìn ń kọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Jeff Gerstmann, olóòtú ní GameSpot ní Amẹ́ríkà, gbé géèmù kan tó ń jẹ́ Kane & Lynch yẹ̀ wò, ó sì fún un ní máàkì 6 nínú 10. Lásìkò yẹn gan-an, ìpolówó géèmù náà ló gba ojú ìkànnì GameSpot. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 2012 ló tó ráyè sọ ní gbangba pé ìbínú àwọn tó ń polówó ọjà wà lára ohun tó fà á. Kí ọdún yẹn tó dé, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ìkànnì Giant Bomb sílẹ̀ ní 2008, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀ nítorí wọ́n gba ohun tó ń sọ gbọ́.

Ní Accra, ọ̀rọ̀ yìí tún sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe géèmù, ẹni tó ṣètò ìdíje àti ẹni tó fẹ́ kọ ìròyìn lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn. Owó tún wà tí àwọn oníròyìn Gánà ń pè ní soli, èyí tí olùṣètò ìpàdé máa ń fi lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fi wọkọ̀ padà. Má gbà á. Fi owó ara rẹ wọ ọkọ̀ trotro lọ, kí o sì fi owó ara rẹ wọ̀ ọ́ bọ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní géèmù lọ́fẹ̀ẹ́, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ pé wọ́n fún ọ ni.

Ṣé owó wá wà níbẹ̀? Díẹ̀ ni, kò sì dúró sójú kan. Ìwé ìròyìn Game Informer bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1991, ó lo ọdún 33, àwọn tó ni ín sì tì í pa ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Ó padà jí ní oṣù Kẹta ọdún 2025 lábẹ́ ẹlòmíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 kan náà, wọ́n ta ìkànnì ìròyìn géèmù Polygon, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ̀wé níbi tí owó géèmù pọ̀ sí, kí ẹni tó wà ní Accra má ṣe gbé gbogbo ara lé e. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Di akọ̀ròyìn tó mọ ọ̀rọ̀ ajé, ẹ̀rọ ayárabíàṣá tàbí eré ìdárayá, kí géèmù jẹ́ èyí tí o mọ̀ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò pẹ̀lú. Èyí yóò máa fún ọ lówó oúnjẹ lóṣù tí ìròyìn géèmù kò bá mú nǹkan wálé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbé lé ọkàn jù rèé: ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Àgbéyẹ̀wò géèmù tuntun láti London kò ṣọ̀wọ́n, wọ́n sì máa ń ní géèmù náà lọ́wọ́ ṣáájú rẹ. Bí o bá fẹ́ bá wọn sáré níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wàá wà. Ṣùgbọ́n ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Sony, tó ni PlayStation, kéde pé gbogbo ẹni tó ń gbá géèmù Helldivers 2 lórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní àkántì PlayStation. Ní gbogbo Áfíríkà nígbà náà, South Africa nìkan ni wọ́n ṣí àkántì yìí fún. Kíá ni wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ Steam, ìsọ̀ géèmù orí kọ̀ǹpútà, ní orílẹ̀-èdè àti agbègbè tó lé ní 170. Àwọn tó rà á bínú gidigidi, Sony sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ìròyìn ọjọ́ mélòó kan ni fún òyìnbó. Fún ọmọ Accra, ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni. Báwo ni ẹni tó ra PlayStation ní Circle, láàárín Accra, ṣe ń ṣí àkántì? Yóò kọ ọ́ pé Amẹ́ríkà tàbí ìlú Ọba lòun ń gbé. Báwo ló ṣe ń sanwó nígbà tó jẹ́ pé MoMo, owó orí fóònù, ló ní, tí kò ní káàdì báńkì òkè òkun? Yóò ra káàdì owó PlayStation lọ́wọ́ ẹnì kan lórí WhatsApp. Ta ni ẹni yẹn? Níbo ló ti ń rí káàdì, eélòó ló ń fi lé e, ta ló ń gbèjà ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́? Ìròyìn kíkún nìyẹn, ẹni tó bá sì tọpa rẹ̀ láti Circle kò ní bá akọ̀ròyìn London du ipò.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ìdíje African Games ń lọ lọ́wọ́ ní Accra, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ọ̀wọ́n ní Gánà. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń fi géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹun lọ́sẹ̀ yẹn? Bẹ́ẹ̀ náà ni Leti Arts, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, tí Eyram Tawia àti Wesley Kirinya dá sílẹ̀ ní 2009 láàárín Accra àti Nairobi. Wọ́n ti fi Ananse, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan, ṣe géèmù. Ó yẹ kí ẹnì kan bi wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń sanwó òṣìṣẹ́, iye ẹni tó ń ra iṣẹ́ wọn, àti ohun tó ṣòro jù, kó má kàn yìn wọ́n pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wà nílùú. Kwame Nkrumah ló dá ilé-ẹ̀kọ́ akọ̀ròyìn Gánà sílẹ̀ ní 1959, ó sì ti di ara yunifásítì UniMAC báyìí. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ọdún 2019 náà fún ọ láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, irú bí iye owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀rọ géèmù ní ebúté Tema. Má rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn, nítorí ilé-iṣẹ́ rédíò Peace FM ti ń fi èdè Akan sọ̀rọ̀ láti 1999, gbogbo ìlú ló sì ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Àwọn kan nínú àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà rántí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kẹ́rù jáde, tí ọ̀pọ̀ fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó ṣeé gbé rìn lẹ ń wá fún ọmọ, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwádìí àti ìwé kíkọ ṣeé gbé rìn. Ẹ fún un ní ọdún kan tàbí méjì kó fi hàn yín pé òun lè ṣe é, kó sì máa ṣiṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn.

Ìwọ náà, àbúrò, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Yan ìbéèrè kan ṣoṣo, kí o lọ bá ẹni mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kàn níbi tí wọ́n wà. Kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí o pè wọ́n, kọ iye owó tí wọ́n dárúkọ, kí o sì bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà, fi ìbéèrè rẹ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, kí o fún wọn ní àyè tó tó láti fèsì. Bí wọn kò bá fèsì, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ pé o béèrè, kí o sì kọ ọjọ́ tí o béèrè.