Àmì Ohùn àti Àpótí Ìṣàwárí lórí Ojú Òpó Ẹ̀kọ́ Yorùbá

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe ojú òpó ayélujára fún ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó máa ń náwó nára lórí àwọ̀ àti àwòrán. Ohun tí àlejò wá ṣe níbẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Àpótí ìṣàwárí sì ni ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń pòfo.

Bí àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá iṣẹ́ lórí ẹkún ìyàwó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó wá tẹ "ekun iyawo". Bí ẹ̀rọ bá ń wá kìkì ohun tí ó bá a mu lẹ́tà sí lẹ́tà, èsì tí yóò mú wá ni pé kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lórí ewì alohùn náà rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún wà níbẹ̀ digbí.

Ẹni tí ó tilẹ̀ fi àmì sí i lè pòfo bákan náà. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, "ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ́" kò ní. Ẹnì kan lè kọ ọ́ ní "ẹ" pẹ̀lú àmì ohùn òkè, ẹlòmíràn lè kọ ọ́ ní "é" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Ìlànà kan náà yìí ní òfin tí ó ń sọ irú ìkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹyọ kan. Olùṣe ojú òpó gbọ́dọ̀ lò ó fún ọ̀rọ̀ inú àkójọ àti fún èyí tí àlejò tẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ̀rọ bó àmì kúrò lára méjèèjì láti fi wọ́n wéra, kí ó sì to èyí tí àmì rẹ̀ bá ti àlejò mu ṣáájú.

Àwọn kan a máa yọ àmì kúrò lójú ìwé pátápátá kí ìṣàwárí lè rọrùn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò di ọ̀kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ akọtọ́ kò sì ní rí àwòkọ́ṣe.

Jakob Nielsen, onímọ̀ ọmọ Denmark, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé àyẹ̀wò pẹ̀lú ènìyàn 5 péré ti tó láti fi rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àbùkù ojú òpó. Ẹ̀ka Yorùbá lè ṣe èyí láìná owó púpọ̀. Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ 5 ní ohun tí wọn yóò wá lórí fóònù ara wọn, kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó má sì sọ̀rọ̀. (Dídákẹ́ yìí gan-an ni ó máa ń nira fún olùkọ́.) Ibi tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dúró, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀.