Ẹ̀KỌ́ FÚN ONÍṢẸ́ ỌGBÀ: KÍ ỌKỌ́ TÓ KAN ILẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ti mọ òdòdó gbìn ti di aṣètò ọgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbìn jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Apá kejì, èyí tí ó le jù, ni kí onílé àti oníṣẹ́ jọ rí ohun kan náà kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Bí èyí kò bá sí, onílé yóò ní, “Èyí kọ́ ni mo ní kí o ṣe,” oníṣẹ́ yóò sì pàdánù owó àti orúkọ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìtàn Humphry Repton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1752, yẹ fún gbígbọ́. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó di oníṣòwò. Ó ṣe òwò aṣọ ní ìlú Norwich, òwò náà kò gbè é. Ó tún fi owó sínú ètò kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ń kó lẹ́tà, owó náà ṣègbé. Ní ọdún 1788 ó ti pé ẹni ọdún 36, ó ní aya àti ọmọ, owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ro ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe: ó mọ àwòrán yà, ó fẹ́ràn igi àti ewéko, àwọn onílẹ̀ kan sì mọ̀ ọ́n. Lancelot Brown, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọgbà, ti kú ní ọdún 1783, àyè sì ṣí sílẹ̀. Repton kọ lẹ́tà sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ pé òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún náà gan-an ni ó gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó fún, ní Catton, lẹ́bàá Norwich.

Báyìí ni ó ń ṣe é. A máa lọ wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá padà délé, a máa kọ ìwé kan fún onílẹ̀; awọ pupa ni ó fi ń di púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ni a ṣe ń pè wọ́n ní Ìwé Pupa. Ó ń ya àwòrán ilẹ̀ náà sínú rẹ̀, a sì lẹ pélébé ìwé mọ́ ọn. Bí pélébé náà bá wà ní dídé, onílẹ̀ yóò rí ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ti wà. Bí ó bá ṣí i, yóò rí bí yóò ti rí nígbà tí iṣẹ́ bá parí: odò tí a mú gbòòrò, igi tí a gbìn síbi tí ó yẹ. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ní ti owó, ọ̀nà àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Brown a máa gba iṣẹ́ lódindi, pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti owó tí a ń san díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Àwọn fọ́ọ̀mánù rẹ̀ ni ń bójú tó o. Repton ń gba owó ìbẹ̀wò àti ti ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ onílẹ̀ ni ń ṣe ìyókù. Èyí kò béèrè owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewu. Àwọn onílẹ̀ kan gba ìwé, wọn kò ṣe iṣẹ́ náà rárá. Àwọn mìíràn mú apá kan, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹni tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí ó sì fẹ́ máa ṣètò ọgbà fún onílé, lè rí ẹ̀kọ́ mẹ́rin kọ́ níhìn-ín.

1. Kí ó wò, kí ó sì béèrè. Níbo ni àgbàrá òjò ń gbà? Níbo ni oòrùn ọ̀sán ń pa? Ta ni yóò máa bomi rin ín nígbà ọyẹ́? Bí kò bá sí ẹni náà, kí ó gbin ohun tí ó lè fara da ọ̀dá, bíi pèrègún tí àwọn baba fi ń pààlà.

2. Kí ó fi han onílé. Bí kò bá mọ àwòrán yà, kí ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, kí ó ta okùn, kí onílé rìn láàrin rẹ̀.

3. Kí ó kọ àdéhùn sílẹ̀: ohun tí yóò ṣe, ẹni tí yóò ra irúgbìn àti ajílẹ̀, iye owó, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Kí ó gba àsansílẹ̀, kí ó gba díẹ̀ ní ìdajì iṣẹ́, kí ó gba ìyókù ní ìparí. Kí ó gba owó àwòrán lọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ ni. Bí onílé bá yí ọkàn padà, kí wọ́n kọ iye tí yóò lé e kí ó tó ṣe é.

4. Kí ó padà lọ wò ó. Ọgbà kì í ṣe ilé tí a kọ́ parí. Ó ń dàgbà.

Ní ọdún 1811, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí Repton wà nínú rẹ̀ dojú dé, ó sì fara pa gidigidi. Síbẹ̀ ní ọdún 1812 ó kọ ìwé fún ọgbà Sheringham, iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1818, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì ń lọ wo ọgbà náà títí di òní. Nítorí náà, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, kí ojú kọ́kọ́ rí i, kí ẹnu sọ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé.