Ìgbéyàwó Ọmọdé: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ẹgbẹ́ Tí Ọmọdébìnrin Kan Dá Sílẹ̀ ní Pakistan

Ní ọdún 2014, ọmọdébìnrin kan, Hadiqa Bashir, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní àfonífojì Swat, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Pakistan, láti gbógun ti àṣà fífi ọmọdé fọ́kọ. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Girls United for Human Rights. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 péré ni olùdásílẹ̀ rẹ̀ nígbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn ló bí ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí Hadiqa wà ní ọmọ ọdún 11, ìyá rẹ̀ àgbà fẹ́ fi í fún awakọ̀ kan. Ìbátan rẹ̀ kan tó jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn là á lọ́yẹ̀ nípa òfin. Ọmọ náà sọ fún àwọn ará ilé pé bí wọn kò bá jáwọ́, òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú òfin. Wọ́n sì jáwọ́.

Nígbà náà, òfin ti wà níbẹ̀ tó fi ọdún 16 ṣe gbèdéke ọjọ́ orí ìgbéyàwó fún obìnrin. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ilé kò lè gba ọmọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí Hadiqa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti ìlera ọmọbìnrin. Kì í ṣe gbogbo ilé ló gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ wọn kò dẹ́kun. Ní ọdún 2015, wọ́n fún Hadiqa ní àmì ẹ̀yẹ Muhammad Ali ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ewu tí wọ́n ń kìlọ̀ fún kò kéré. Egungun ìbàdí ọmọdébìnrin lè má tíì fẹ̀ tó láti bímọ. Bí orí ọmọ bá há, tí ìrọbí sì pẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ẹran ara tó wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Ẹran náà yóò kú, yóò sì lu, ìtọ̀ yóò wá máa dà láìdábọ̀. Èyí ni àìsàn tí a mọ̀ sí VVF. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé gìrì tó ń mú aboyún àti àkóràn ilé ọmọ máa ń bá àwọn ìyá ọlọ́dún 10 sí 19 jà ju àwọn ọlọ́dún 20 sí 24 lọ.

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ọkọ tó wọlé. Bí ọ̀dọ́mọbìnrin bá ti lóyún, ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú aboyún. Èyí tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò gbọdọ̀ fara pamọ́, nítorí iṣẹ́ abẹ lè wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sàn.