Ẹ Má Kánjú Dárí Ji Dókítà Yẹn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ìtàn àròsọ, mo ti ka ìwé tí ẹ kó sílẹ̀ fún mi. Mẹ́rin nínú wọn ló dá lórí dókítà agbéraga. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti ojú ìwé kìíní ló ti ń jágbe mọ́ nọ́ọ̀sì. Tó bá ku díẹ̀ kí ìwé parí, àìsàn á kọ lu ọmọ rẹ̀, á wólẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sunkún, ó parí. Ẹ mọ̀wé kọ o. Ìkánjú ló ń bá yín jà.

Ẹ lọ wá The Citadel kà, ìwé tí A. J. Cronin gbé jáde lọ́dún 1937. Dókítà gidi ni Cronin kó tó di òǹkọ̀wé. Ó tọ́jú àwọn awakùsà èédú ní Tredegar, ní Wales, kó tó kọjá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ohun tó sì fojú ara rẹ̀ rí ló fi ṣe ìtàn.

Ẹ wo bó ṣe gbé Andrew Manson, dókítà inú ìwé náà, kalẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ìyàwó awakùsà kan bímọ, lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti retí ọmọ fún bí ogún ọdún. Ìkókó ò mí. Agbẹ̀bí ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Manson fà á jáde, ó rì í bọ omi tútù, ó rì í bọ omi gbígbóná, ó tún fi táwẹ́ẹ̀lì gbo ó, títí ọmọ fi ké. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni irúgbìn ìgbéraga ti bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ikú lóru, ta ni yóò sọ fún un lọ́sàn-án pé ó ṣìṣe? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yín mọṣẹ́ ná. Òpè tó ń gbéraga, ẹ̀rín ló ń pani.

Nígbà tí Manson dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, díẹ̀díẹ̀ ló bàjẹ́: abẹ́rẹ́ fún olówó tí nǹkan kan ò ṣe, aṣọ tuntun, owó tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń pín. Christine, ìyàwó rẹ̀, rí i, wọ́n ń jà. Lọ́jọ́ kan Manson ní kí Ivory, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn, ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Vidler. Ivory ò mọ̀ ọ́n ṣe. Vidler kú sórí tábìlì, níṣojú Manson tó mú un wá. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ là.

Ẹ̀yin ìbá fi ikú Christine ṣe ohun tó yí i lọ́kàn padà, mo mọ̀ yín. Cronin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Manson ti yí padà, ìfẹ́ ti padà sílé, kí obìnrin náà tó jáde lọ ra wàràkàṣì fún un tí bọ́ọ̀sì fi pa á. Ìrònúpìwàdà ò gbà á lọ́wọ́ ohunkóhun. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé ẹnikẹ́ni ò pè é lẹ́jọ́ nítorí Vidler. Ohun rere tó ṣe ni wọ́n fi pè é síwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà: ó gbé ọmọbìnrin tí ikọ́ ife ń ṣe lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé àṣẹ dókítà. Ọ̀rọ̀ gígùn tó sọ níwájú ìgbìmọ̀ yẹn sún mọ́ ìwàásù, n kò ní fi tan yín. Ẹ má fara wé ìyẹn.

Ẹ̀yin tiẹ̀ ní ohun tí Cronin ò ní. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún wọlé, dókítà ọmọ ọgbọ̀n ọdún ò gbójú sókè nínú fáìlì, ó ní, "Kí ló ń ṣe ẹ́?" Ó tó. Ẹ ò nílò ariwo kankan mọ́. Nígbà tó bá di orí ìkejìlá, ẹ jẹ́ kó ní, "Kí ló ń ṣe yín, bàbá?" kí ẹ sì kọjá síwájú, ẹ má ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ẹ kó ìwé yín, ẹ lọ tún un kọ. Ẹni tí dókítà tiẹ̀ sunkún ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kó kọ́kọ́ mú tiẹ̀ wá.